Ẹ̀fúùfù líle lórí omi Èkó: Ohun tí oníṣòwò lè rí kọ́ lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun díje

Bí èèyàn bá dúró sétí omi ní apá Òníkan, ní Erékùṣù Èkó, lọ́sàn-án òpin ọ̀sẹ̀ kan tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ kíkankíkan, ohun méjì ló lè rí. Yóò rí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ta ìgbòkun, tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bíi pé omi fẹ́ gbé wọn mì, tí wọ́n sì ń sáré lọ sápá ẹnu òkun. Yóò tún rí àwọn mìíràn tí wọ́n ti wo ojú omi, tí wọ́n wo ojú ọ̀run, tí wọ́n sì ká ìgbòkun tiwọn sílẹ̀ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibẹ̀ kò jìnnà sí Balógun, Ìdúmọ̀tà, Òkè Àrìn àti Jankara, níbi tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ oníṣòwò wà tí kì í yíjú wo omi yìí, àfi bí wọ́n bá ń gba orí afárá kọjá. Bẹ́ẹ̀, orí omi yìí kan náà ni ọkọ̀ ńlá tó kó kọ̀ǹténà wọn gbà wọ èbúté Àpápá. Ìjì tó ń jà wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tó ń jà lórí omi. Dọ́là lè gbéra lójijì, èlé báńkì lè fò sókè, owó orí kọ̀ǹténà lè di ìlọ́po méjì. Ìbéèrè tó wà níwájú ẹni tó fẹ́ díje nínú ẹ̀fúùfù líle náà ló wà níwájú oníṣòwò: báwo ni ìgbòkun tí n óò ta ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Ìdáhùn tí àwọn tó ti pẹ́ lórí omi máa ń fún ìbéèrè yìí lè má dùn mọ́ ẹni tó ń kánjú là nínú. Wọ́n ní kí a dín ìgbòkun kù kí ìjì tó dé, nítorí pé bí ó bá ti dé tán, ọwọ́ kì í ráyè mọ́.

Omi ló bí òwò Ìsàlẹ̀ Èkó

Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ òwò ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí a kò ní dárúkọ omi. Ẹ̀bùtẹ̀ Èrò, tó ti di orúkọ ọjà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, ibi tí èrò ti ń gúnlẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ. Odò tó la àárín Erékùṣù Èkó àti Victoria Island kọjá, Five Cowrie Creek ni wọ́n ń pè é, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé owó ẹyọ márùn-ún ni atukọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọdá láyé àtijọ́. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ́ ọ̀rọ̀ l'Ékòó.

Títí di òní, iṣẹ́ ajé ṣì ń gbára lé ìgbòkun lórí ọ̀sà. Ẹni tó bá ń gba Third Mainland Bridge kọjá ti lè rí àwọn ọkọ̀ onípákó tí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe ìgbòkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn. Àwọn ọkùnrin yìí máa ń rì wọ inú omi pẹ̀lú korobá láti bu yanrìn, wọn óò kó o sínú ọkọ̀ títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn óò ta ìgbòkun kí afẹ́fẹ́ gbé wọn padà sétí omi. Wọn kò ra epo, wọn kò ra ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé yanrìn tó fi korobá díẹ̀ lé lọ́jọ́ tí ojú omi tòrò lè di ohun tó máa rì ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ìgbì bá dìde.

Ní ti ìdíje, àwọn ará etí omi ti ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ díje lásìkò ọdún àti àjọ̀dún tipẹ́tipẹ́. Ti ọkọ̀ ìgbòkun kéékèèké, ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1932 ní ó ti wà nídìí rẹ̀ fún èyí tó lé ní 90 ọdún. Oríṣiríṣi ọkọ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Lára wọn ni Lightning, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lọ́dún 1938, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 19, tí èèyàn 3 ń wà nínú rẹ̀. Hobie 16 náà wà níbẹ̀, tó ní ìsàlẹ̀ méjì bí ìbejì tí wọ́n so pọ̀, tí èèyàn 2 ń wà á. Laser sì jẹ́ ọkọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tí kò gùn ju nǹkan bíi mítà 4.2 lọ.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn l'Ékòó

Atukọ̀ kì í wọ omi láìmọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. L'Ékòó, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun, ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wá jù lọ. Ní òwúrọ̀, ó lè rọra wà. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná tán lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ òkun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le. Eléyìí kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu fún ẹnikẹ́ni, ó dà bí ìgbà tí oníṣòwò mọ̀ pé ọjà yóò yá bí ọdún Kérésì bá ń bọ̀.

Èyí tó léwu ni ìjì tó máa ń jà nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Apá ìlà-oòrùn ni irú ìjì yìí ti sábà máa ń wá, òdìkejì ibi tí afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ti ń fẹ́. Òkùnkùn yóò kọ́kọ́ ṣú lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ tó ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ lè dákẹ́ lójijì bíi pé ó lọ sùn, lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tútù yóò ya dé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn àti ìjì. Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ ti rọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ ni ìjì máa ń ká mọ́ ibi tí kò ti ṣètò.

Ìṣirò kan tún wà tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò mọ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní kìlómítà 18 láàárín wákàtí kan bá di èyí tó ń sáré ní kìlómítà 36, ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sọ pé agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ìgbòkun máa ń di ìlọ́po mẹ́rin bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí ìgbòkun tó bá ọkọ̀ mu ní òwúrọ̀ fi lè yí ọkọ̀ kan náà dànù ní ọ̀sán.

Omi tìkára rẹ̀ tún ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń fà lọ sí òkun gba ẹnu èbúté, tí afẹ́fẹ́ láti òkun sì ń fẹ́ wọlé, àwọn méjèèjì yóò pàdé bí àgbò méjì. Ìgbì yóò ga, yóò sì máa dìde lẹ́sẹẹsẹ níbi tí kò ti sí nǹkan kan ní wákàtí díẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ni atukọ̀ ń wò, ó ń wo ibi tí omi ń ṣàn sí pẹ̀lú.

Bí wọ́n ṣe ń díje

Ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun kì í bẹ̀rẹ̀ bí eré sísá tí gbogbo ẹsẹ̀ ti dúró sójú kan. Gbogbo ọkọ̀ ló ti ń rìn káàkiri. Lábẹ́ òfin tí gbogbo ayé ń lò, ìṣẹ́jú 5 ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi àsíá àkọ́kọ́ hàn, àsíá mìíràn yóò tún jáde nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 4, wọn óò fi àmì hàn nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 1, lẹ́yìn náà ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú kọjá ìlà kí àkókò tó tó gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn wá bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tó lè kọjú sí afẹ́fẹ́ gan-an kó sì máa lọ. Bí ibi tí wọ́n ń lọ bá wà níhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ṣe ni wọn óò máa yà sọ́tùn-ún, tí wọn óò tún yà sósì, títí wọn óò fi débẹ̀. Ẹni tó ń wò wọ́n láti etí omi lè rò pé wọ́n ti ṣìnà. Wọn kò ṣìnà, ọ̀nà náà ni wọ́n ń tọ̀.

Nínú ẹ̀fúùfù líle, gbogbo nǹkan wọ̀nyí di ìlọ́po. Okùn ìgbòkun ń fa ọwọ́ ya. Omi iyọ̀ ń ta sójú. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yóò na ara wọn sẹ́yìn jáde kúrò nínú ọkọ̀, kí wíwúwo ara wọn lè mú un dọ́gba. Nínú Hobie 16, ẹnì kan tàbí àwọn méjèèjì lè fi okùn kọ́ ara wọn mọ́ òpó ìgbòkun, kí wọ́n sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí omi ń sáré lọ lábẹ́ ẹ̀yìn wọn. Bí ẹ̀fúùfù bá fẹ́ lójijì, ẹni tó di okùn mú gbọ́dọ̀ dẹ̀ ẹ́ kíá kí afẹ́fẹ́ lè jáde lára ìgbòkun. Ẹni tó bá ranrí pé òun kò ní dẹ̀ ẹ́, omi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Òfin ìdíje yìí ní ohun méjì tó yẹ kí oníṣòwò fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé ìpinnu láti bẹ̀rẹ̀ ìdíje tàbí láti máa bá a lọ, ọwọ́ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló wà, kì í ṣe ọwọ́ àwọn tó ṣètò rẹ̀. Pé wọ́n ta àsíá kò sọ pé dandan ni kí èèyàn jáde. Ìkejì ni pé ẹnikẹ́ni tó bá rí èèyàn tàbí ọkọ̀ tó wà nínú ewu gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, àní bí òun gan-an bá wà níwájú.

Ìgbòkun mẹ́ta, ọkọ̀ kan

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí a dárúkọ, Laser ló fi ọ̀rọ̀ dídín ìgbòkun kù hàn jù lọ. Ọkọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n oríṣi ìgbòkun mẹ́ta ló wà fún un. Èyí tó tóbi jù jẹ́ sikúéà mítà 7.06, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 5.76, èyí tó kéré jù sì jẹ́ 4.7. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ kì í fi tipátipá lo èyí tó tóbi jù nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ń lò ó. Yorùbá ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wá sínú ọjà. Ká mú un bí àpẹẹrẹ pé obìnrin méjì ń ta aṣọ ní Balógun, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní mílíọ̀nù 3 náírà tí í ṣe tirẹ̀ nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 750 náírà ní ọjà dúdú, àwọn méjèèjì gba ọjà ní àwìn lọ́wọ́ oníbàárà wọn lókè òkun, dọ́là ni wọn óò sì fi san án lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Èkíní gba ọjà 10,000 dọ́là, ìyẹn mílíọ̀nù 7.5 náírà. Èkejì gba ti 4,000 dọ́là péré, ìyẹn mílíọ̀nù 3 náírà. Àwọn méjèèjì tètè ta ọjà wọn, wọ́n sì fi èrè ìdá kan nínú márùn-ún lé e.

Bí dọ́là bá dúró sójú kan, èkíní ni yóò yọ̀. Mílíọ̀nù 1.5 náírà ni èrè rẹ̀, nígbà tí ti èkejì jẹ́ 600,000 náírà. Àwọn ará ọjà á tilẹ̀ máa sọ pé ẹ̀rù ló ń ba èkejì, pé kò mọ òwò ṣe. A ò sì gbọ́dọ̀ tan ara wa, nítorí pé lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, ìgbòkun kékeré kì í sáré bí ìgbòkun ńlá.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò rọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ yìí jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí wọn óò máa ta dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ká fi 1,500 yẹn ṣe ìṣirò. Èkíní gbọ́dọ̀ san mílíọ̀nù 15 náírà. Ó pa mílíọ̀nù 9 lórí ọjà, ó ní mílíọ̀nù 3 nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Gbèsè mílíọ̀nù 3 ló kù sí i lọ́rùn, ṣọ́ọ̀bù sì ti ṣófo. Èkejì gbọ́dọ̀ san mílíọ̀nù 6. Ó pa mílíọ̀nù 3.6, ó ní 3 nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6.6. Ó san gbèsè rẹ̀ tán, 600,000 náírà ló kù sí i lọ́wọ́. Òun náà pàdánù, ó sì dùn ún. Àmọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, ẹni tó ń kó ọjà fún un kò sì lè bú u.

Afẹ́fẹ́ kan náà ló fẹ́ lu àwọn méjèèjì, inú ọjà kan náà ni wọ́n wà, èrè kan náà ni wọ́n fi lé ọjà. Títóbi ìgbòkun nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá tún fi ti èlé kún un, ọ̀rọ̀ náà á yé yín dáadáa. Òṣùwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ jẹ́ ìdá 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti di 27.5. Èyí tí báńkì sì ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé

Kò sí ẹni tó ń díje nínú ẹ̀fúùfù líle tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè dojú dé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni bí yóò ṣe gbé e dìde. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ okùn ìgbòkun, nítorí pé ìgbòkun tí okùn rẹ̀ ṣì le yóò kó omi, ọkọ̀ kò sì ní dìde. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ Laser, yóò dúró sórí pákó pẹlẹbẹ tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, yóò fi ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ yóò sì rọra yí padà. Lójú oníṣòwò, okùn yẹn ni ìnáwó tí kò pọn dandan àti ọjà tuntun tí ó fẹ́ kó. Ó gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kó tó lè dìde.

Ohun kejì tí wọ́n ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó dojú dé ṣì ń léfòó, ó sì rọrùn fún ọkọ̀ adóòlà láti rí i ju orí èèyàn kan ṣoṣo láàárín ìgbì lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje Fastnet lọ́dún 1979 fi èyí hàn gbangba. Láti ìlú Cowes nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìdíje náà ti gbéra, wọ́n ń lọ yípo òkúta Fastnet tó wà nínú òkun létí gúúsù ilẹ̀ Ireland. Ọkọ̀ 303 ló bẹ̀rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 13 mọ́jú ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ìjì ńlá jà. Ọkọ̀ 85 péré ló parí ìdíje, èèyàn 15 tó ń díje ló sì kú. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ 24 sá jáde kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, 19 nínú ọkọ̀ 24 náà ni wọ́n bá tí wọ́n ṣì ń léfòó lórí omi. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sọ pé èèyàn 7 lára àwọn tó kú jẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ikú wọn kan ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n sá sí, bẹ́ẹ̀ wọ́n rí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ tí wọn kò rì.

Èyí kò sọ pé kí èèyàn kú sórí òwò tó ti rì. Nígbà tí omi bá ti bo ọkọ̀ tán, ẹni tó gbọ́n yóò jáde. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn oníṣòwò ló ti fi ìbẹ̀rù ta ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀pọ̀, tí wọ́n lọ kó owó tó kù sínú òwò tí wọn kò mọ̀dí, tí ẹni tó ra ṣọ́ọ̀bù náà sì wá fi í di olówó? Kí á tó fò jáde, ó yẹ kí á wò ó bóyá ọkọ̀ náà ṣì ń léfòó. Bí owó tó ń wọlé lóṣù bá ṣì ń san owó ilé àti owó ọmọ iṣẹ́, a jẹ́ pé ó ṣì ń léfòó.

Yíyí padà kì í ṣe ìtìjú pẹ̀lú. Nínú ìdíje tí wọ́n máa ń ṣe láti Sydney lọ sí Hobart nílẹ̀ Australia, ọkọ̀ 115 ló gbéra lọ́dún 1998. Ìjì jà, ọkọ̀ 5 rì, èèyàn 6 kú. Ọkọ̀ 44 ló parí ìdíje, 71 ni kò parí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló yí orí ọkọ̀ padà sí èbúté. Àwọn tó yí padà yẹn láǹfààní láti díje lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Àpapọ̀ ni wọ́n ń kà

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa ìdíje yìí ni pé kì í sábà jẹ́ ti ọjọ́ kan. Wọ́n á díje lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n tó ṣírò. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní gba àmì 1, ìkejì gba 2, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ẹni tí kò bá parí yóò gba àmì tó fi 1 ju iye gbogbo ọkọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ. Wọ́n sì sábà máa ń yọ èyí tó burú jù nínú àmì ẹnì kọ̀ọ̀kan kúrò.

Ká sọ pé ọkọ̀ 10 díje lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ògbójú kan ṣe ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ yí dànù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò parí. Àmì rẹ̀ jẹ́ 36. Bí wọ́n bá yọ 11 kan kúrò, ó ku 25. Ẹlòmíràn kò gba ipò kìíní rí. Ipò kẹta ló ń ṣe lójoojúmọ́. Àmì rẹ̀ jẹ́ 18, bí wọ́n bá yọ 3 kúrò, ó ku 15. Òun ló máa gbé ife ẹ̀yẹ lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwò rí. Oṣù kan tí ọjà tà wàràwàrà kò tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta mìíràn bá wà tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì.

Kí ìjì tó dé

Àwọn nǹkan mélòó kan wà tí oníṣòwò lè ṣe nígbà tí ojú omi ṣì tòrò. Kó kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ lójú kan, kó sì kọ owó tó jẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó wá bi ara rẹ̀ pé: bí iye tí mo jẹ yìí bá di ìlọ́po méjì lọ́la, ṣé mo lè san án láì ta ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbòkun rẹ̀ ti tóbi jù.

Bó bá ń fi dọ́là ra ọjà, tó sì ń fi náírà tà á, kó dín ọjọ́ àwìn kù. Oṣù méjì léwu, oṣù mẹ́jọ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó ni ìjì ṣe lè ká èèyàn mọ́ ojú ọ̀nà tó.

Kó ní ọkọ̀ adóòlà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó máa dóòlà èèyàn kò bá sí lórí omi. Àjọ, èsúsú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni irú ọkọ̀ yẹn fún oníṣòwò kékeré, bó bá jẹ́ pé ó ń dá owó rẹ̀ déédéé, tí kì í kó o lọ ra aṣọ ẹbí. Ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, tí àjọ LASWA tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 ń tẹnu mọ́ pé kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ojú omi máa wọ̀, èbúté ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó bá bọ́ sómi kó tó máa wá a, ó ti pẹ́ jù. Owó ìpamọ́ náà rí bẹ́ẹ̀.

Kó sì sọ òtítọ́ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì, bí ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú bá yà láìsọ fún èkejì, àwọn méjèèjì ni yóò bọ́ sómi. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ pé ọ̀gá jẹ gbèsè yóò ṣì máa ta ọjà ní àwìn fún gbogbo ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́.

Bí oòrùn bá ń wọ̀, tí afẹ́fẹ́ òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwọn ọkọ̀ tó jáde yóò máa padà bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí apá Òníkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe ipò kìíní kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Wọ́n á ka àwọn ọkọ̀ tó jáde, wọ́n á ka àwọn tó wọlé, wọ́n á sì rí i dájú pé iye méjèèjì dọ́gba kí ọkọ̀ adóòlà tó gúnlẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní ọjà náà, ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí tó sì tún lè ṣí i lọ́la, òun ló ṣì wà nínú ìdíje.